Nígbà tí Ejò Irin Sùn Dábùú Haskett

"Ardith, ṣé ẹ ti wá fi ọkọ̀ ojú irin ṣe ògiri ìlú ni?"

Ìyá kan ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Ardith Skogland fi etí àti èjìká há fóònù náà, ó ń kọ orúkọ ìyá náà sínú ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì. Ẹni kẹrìnlá nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, aago mẹ́wàá kò sì tíì lù.

"Ẹ má bínú, mà. A ti gbọ́. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀! Ṣé ìwé yín ló máa tì í kúrò lójú ọ̀nà? Ìkòkò ọ̀dùnkún oníwàrà wà nínú mọ́tò mi, ó ti ń tutù. Aago mọ́kànlá la fẹ́ sin Hilda Brandt. Ṣé kí n sọ fún òkú pé kó dúró dè mí?"

"Hilda ò kánjú mọ́, mà."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Bí bàbá rẹ gẹ́lẹ́ lo ṣe rí." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí Ardith ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìlú Haskett, tí ó ń gba ẹ̀sùn gbogbo ayé. Bí ajá aládùúgbò bá gbó mọ́jú, òun ni wọ́n ń pè. Bí omi ẹ̀rọ bá ní àwọ̀ tíì, òun náà ni. Bí yìnyín bá bo òpópónà tí katakata kò tètè wá kó o, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ gégùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sì dùn ún. Gbogbo ìwọ̀nyẹn ló ní ẹni tó lè rán sí. Dale ló ń rán sí ọ̀rọ̀ pàǹtírí, Pete ló ń rán sí ọ̀rọ̀ omi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin kò ní Dale, kò ní Pete. Lọ́yà ìlú ti sọ fún wọn láìmọye ìgbà pé ìlú kò lè ti ọkọ̀ náà, kò lè bu owó ìtanràn fún un, àfi kí ìlú máa wò ó.

Oṣù kẹwàá ni, àsìkò ìkórè. Àwọn àká àgbàdo tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lọ ti kún dẹ́nu. Ọkọ̀ ojú irin tó wá kó àgbàdo náà ní kóòṣì mẹ́wàá lé lọ́gọ́rùn-ún. Ó jáde níbi àká ní aago mẹ́jọ, ó rìn díẹ̀, ó sì dúró sáàárín ìlú bí ejò tó gbé ewúrẹ́ mì. Àwọn ọmọ iléèwé tí bọ́ọ̀sì wọn há lẹ́yìn rẹ̀ ti sọ ọ́ di orin, ohùn wọn ń wọlé láti ojú fèrèsé:

Gbọọrọ, gbọọrọ, ejò irin,
Orí ẹ ò sí níbí,
Ìrù ẹ ò sí níbí,
Ikùn ẹ nìkan ló sùn sọ́nà wa!

Ardith ń fi bírò lu tábìlì tẹ̀ lé orin náà nígbà tí fóònù tún dún. Nọ́ńbà bàbá rẹ̀ ni.

"Ardith," ni Orrin wí, "ọwọ́ ọ̀tún mi ò gbà láti gbé kọ́fí."

"Kí lẹ wí, Dádì?"

"Mo ní kí ó gbé ife, ó ní òun ò ṣiṣẹ́ lónìí. Ó ń ṣe bí òṣìṣẹ́ ìjọba."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Orrin Skogland, ẹ̀fẹ̀ kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dún bí ohùn rẹ̀. Ó ń wọ́ nílẹ̀ bí bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ.

"Dádì, ẹ lọ síwájú dígí kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹnu yín gún?"

"Mi ò lè lọ síwájú dígí."

"Kí ló dé?"

"Ilẹ̀ ni mo wà, ọmọ mi. Ilẹ̀ kíṣìnnì. Ó ti tó ìgbà díẹ̀. Mi ò fẹ́ dí ẹ lọ́wọ́."

Ardith kò mọ bó ṣe dìde. Ó fi fóònù kan pe áńbúláǹsì, ó fi èkejì pe Chela, obìnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Orrin, tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níléeṣẹ́ ẹyin, tó sì máa ń sùn lásìkò yẹn. "Chela, jọ̀ọ́, wọlé tọ bàbá mi. Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó." Chela kò béèrè nǹkan kan. Ardith gbọ́ tí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ gbá.

Ibùdó áńbúláǹsì kò ju ilé márùn-ún lọ sí ọ́fíìsì ìlú. Àríwá ìlú ni méjèèjì wà, àríwá náà ni ọ̀nà ilé ìwòsàn wà. Gúúsù ni Orrin ń gbé, títì kẹta sí ojú irin. Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ ohun tó dúró sáàárín.

Nígbà tí Ardith sáré dé ibi tí títì Maple ti gba orí irin kọjá, áńbúláǹsì ti wà níbẹ̀, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú sára kóòṣì. Tanner Buss, ọkùnrin tó ń wà á, dúró síwájú rẹ̀, ó ká apá mọ́yà.

"Àǹtí Ardith, mo ti lọ wo títì kejì tó gba orí irin kọjá. Ó ti dí ibẹ̀ náà pa."

"Afárá tó gba òkè irin kọjá ńkọ́?"

"Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ti tú u palẹ̀ láti oṣù kẹfà, ẹ̀yin náà lẹ lẹ ìwé ẹ̀ mọ́ ara ògiri. Mo ti pe àwọn ará Dunmore pé kí wọ́n gba gúúsù wọlé. Áńbúláǹsì wọn ti gbé aboyún lọ sí ìlú ńlá." Ó yí ojú padà. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Bàbá?"

"Kò sọ. Ó ní òun ò fẹ́ dí mi lọ́wọ́."

"Tó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gún fún un nílé ìwòsàn. Àmọ́ ó ní àsìkò. Tí àsìkò ẹ̀ bá kọjá, wọn ò ní gún un mọ́."

Títì mẹ́ta ló ń gba orí irin kọjá ní Haskett tẹ́lẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin wá bá ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n ní bí ìlú bá gbà kí àwọn dí títì Kẹrin, tí ó wà láàárín, kí ọkọ̀ gígùn lè máa dúró síbẹ̀, àwọn yóò fún ìlú lówó. Àwọn alákàá náà bẹ̀bẹ̀: bí ọkọ̀ bá gùn sí i, àgbàdo púpọ̀ sí i yóò lọ, ọ̀dọ́ kò ní máa sá kúrò nílùú mọ́. Kánsẹ́lọ̀ márùn-ún ni wọ́n. Méjì gbà, méjì kọ̀; Marvin, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀, ní ọjọ́ kan yóò wà tí ọkọ̀ yóò dí aláìsàn lọ́nà. Orrin Skogland ló ṣẹ́kù, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè. Owó yẹn ni wọ́n fi ra áńbúláǹsì tuntun, pupa, tó ń dán gbinrin. Wọ́n ya fọ́tò Orrin pẹ̀lú rẹ̀.

Ardith mọ nọ́ńbà iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin lórí, ó sì pè é. Ọkùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára pátákó ibi tẹ́ ẹ wà."

Ardith kà á láìwo pátákó. "Bàbá mi wà ní òdì kejì. Áńbúláǹsì ò lè kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un síwájú, kò pọ̀, bíi kóòṣì mẹ́wàá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kò sí awakọ̀ nínú ẹ̀."

"Kò sí kí ni?"

"Wọ́n ti pé wákàtí méjìlá lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ní wọn ò gbọdọ̀ ṣe é kọjá bẹ́ẹ̀, torí ewu. Mọ́tò kan ti ń gbé àwọn mìíràn bọ̀ láti Omaha."

"Ẹ tú u níkùn nígbà náà. Ẹ fà á ya, ká rí àyè kọjá."

"Awakọ̀ nìkan ló lè tú u, mà."

"Awakọ̀ tí kò sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni. Ó lè tó wákàtí kan sí i, ó lè tó méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Ọdún mọ́kànlélógún ni Ardith náà ti ń fi irú ohùn yẹn dá aráyé lóhùn. Kò lè bú u. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wo ìdààmú, ó dúpẹ́! Ìwà àwọn ará Haskett nìyẹn: bí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ni yóò ní kí o má bínú.

Ó pe fóònù bàbá rẹ̀. Chela ló gbé e. "Mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo ti fi ìrọ̀rí sí i lórí. Apá ọ̀tún ò mira rárá, ẹsẹ̀ náà ò mira. Ó fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀." Ó gbé fóònù sí Orrin létí.

"Ardith."

"Mo wà níbí, Dádì. Áńbúláǹsì ti dé Maple."

"Ṣé tuntun yẹn ni?"

"Òun ni."

"Ó ṣì rẹwà?"

Ardith wo ọkọ̀ náà, ó wo iná rẹ̀ tó ń jó lásán. "Ó rẹwà gan-an, Dádì."

"Èmi ni mo gbé ọwọ́ sókè." Ó mí gúlegúle. "Ọwọ́ yìí náà ni. Ọ̀tún yìí."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Marvin mọ̀. Marvin sọ ọ́ nípàdé. Mo ní kó jókòó." Ó tún bẹ̀rẹ̀: "Ìwọ, má ṣe… Má gun… Má ṣe gun ṣíbí yẹn, o gbọ́? Ṣíbí yẹn ń… ó máa ń…"

"Ṣíbí wo, Dádì?"

"Ṣíbí! Ṣíbí tó gùn!" Inú ń bí i, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri bí ẹni tó ń wá dígí ojú rẹ̀ nínú òkùnkùn, kò rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́. Ohùn lásán ni.

Chela gba fóònù. "Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, Ardith. Ó ń wò mí bíi pé kí n bá a túmọ̀ ẹ̀."

Ardith wo aago. Ó ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú tí bàbá rẹ̀ ti pè é. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ èèpo àgbàdo kọjá lábẹ́ àwọn kóòṣì, láti gúúsù sí àríwá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èèpo àgbàdo ń kọjá. Ológbò kan kọjá, kò tilẹ̀ yára.

"Tanner, o ò lè gba àárín ẹ̀ kọjá? Ìwọ àti ọmọ kejì tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn, pẹ̀lú ibùsùn?"

"Wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dà mí láàmú, Àǹtí. Tí a bá gbé e sórí ibùsùn, tí a gbé e kọjá láàárín irin méjì, tí ọkọ̀ gbéra…" Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Orrin ló kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù nígbà tó wà ní kékeré.

"Òótọ́ lo sọ," ni Ardith wí. Ó fi fóònù sápò, ó ká etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ síbi tí kóòṣì kan ti fi irin kọ́ ìkejì lọ́rùn.

"Àǹtí Ardith! Ẹ má ṣe é! Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ẹ ò ní abẹ́rẹ́, ẹ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́."

"Mo mọ̀."

"Tó bá gbéra ńkọ́?"

"Tó bá gbéra, ìwọ náà á lè kọjá nìyẹn."

Ó di irin àkàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì mú. Irin náà tutù, gírísì bò ó. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni, orúnkún rẹ̀ kan kò dára. Ó gbé ẹsẹ̀ lé irin ìsopọ̀, ó yọ̀, ó fi àyà dà lé e, ó gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń dún ṣììì nínú rọ́bà bíréèkì lábẹ́ rẹ̀ bí ohun tó ń mí. Tanner ń gbàdúrà sókè lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ kejì kọjá, ó sì bọ́ sórí òkúta ní òdì kejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì balẹ̀. Ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ mira.

Ó sáré títì mẹ́ta náà bí orúnkún rẹ̀ ṣe gbà.

Chela wà lórí ìkúnlẹ̀ ní kíṣìnnì, ó ń kọ orin kan lábẹ́lẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Orrin nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kọ́fí tó dà ti gbẹ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà láàyè, ó sì rí ọmọ rẹ̀ tó wọlé. Ó rí gírísì dúdú láti àyà rẹ̀ dé orúnkún, ó rí ìpẹtà irin lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú bàbá náà là gbòò.

Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó na ìka kan sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka náà bá a wí. Ìka náà ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ó ń bínú sí ẹ," ni Chela wí.

"Mo rí i. Ó ti ní kí n má gun ọkọ̀ náà."

Ardith jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ti bàbá rẹ̀ dọ́gba. Wọn kò gbọ́ fèrè kankan láti ọ̀nà irin.

"Ẹ bú mi, Dádì," ni ó wí. "Mo ń gbọ́. Ẹ máa bú mi lọ."