Ta Ló Rán Méjìlá?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá lẹ bébà mọ́ ògiri ilé ìránṣọ: ẹni tí kò bá rán méjìlá títí di ọjọ́ Ẹtì, kó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Alágídí ti ń rán ṣòkòtò níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, méje ló rán. Bí wọ́n bá lé e, ta ló máa gba arúgbó síṣẹ́? Ó pòṣé.

"Ọ̀gá, ibo lẹ ti rí méjìlá?"

"Mo da iṣẹ́ ẹ̀yin márààrún pọ̀, ọgọ́ta ni. Mo pín in sí márùn-ún. Ìṣirò kì í purọ́."

"Ìṣirò kì í purọ́. Ẹni tó ń ṣe é ńkọ́?"

Ìyá Ìbejì faṣọ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Alágídí ní kí gbogbo wọn tò, kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù ṣíwájú. Ìyá Ìbejì rán mẹ́fà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ méje, Alágídí méje, Kúkúrú mẹ́jọ. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá ló kẹ́yìn: méjìlélọ́gbọ̀n.

"Ta ló rán méjìlá nínú wa?"

Alágídí nàka sí ẹni tó kẹ́yìn.

"Kí ni gbajúmọ̀ ẹ̀yìn yìí tiẹ̀ rán?"

"Àpò ìrọ̀rí," Kúkúrú dáhùn. "Ojú ìrán mẹ́ta, ó parí."

"Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀gá, ẹ da erin pọ̀ mọ́ ewúrẹ́ mẹ́rin, ẹ pín ìwọ̀n wọn, ẹ wá ń bínú sí ewúrẹ́ pé kò wúwo tó."

"Èwo wá ni kí n wò?"

"Ẹni àárín. Ẹni méjì ń bẹ níwájú mi, méjì ń bẹ lẹ́yìn mi. Méje."

"Ìwọ lo sáré bọ́ sáàárín!"

"Ẹ fi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rọ́pò mi. Ṣé òun náà kọ́ ló rán méje?"

Ọ̀gá kà wọ́n láti iwájú, ó kà wọ́n láti ẹ̀yìn. Ó fa ìlà sórí méjìlá, ó kọ méje.

"Ẹyọ kan péré ni màá fi kún ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ìyẹn, ẹsẹ̀ òsì ni màá fi rán an."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò ìyàwó ọ̀gá ti nà gbalaja sórí òkìtì aṣọ, ó ń hanrun. Ọ̀gá fẹsẹ̀ ta á jí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Mo ti rán méje."

Alágídí ò gbójú sókè. Ṣòkòtò kejì ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀.