Bíréèkì Tí Bàbá Zeenat Yọ

Ẹni tó bá mọ Bajulaiye ní Ṣómólú á mọ̀ pé kí ojú tó rí àdúgbò náà, imú á ti gbọ́ òórùn íǹkì. Ilé ìtẹ̀wé ló kún ibẹ̀, ẹ̀rọ wọn á sì máa dún gbàmù-gbàmù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Láàárín wọn ni ṣọ́ọ̀bù onípáánù kan wà tí ariwo tirẹ̀ yàtọ̀. Isiaq ló ni ín, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Zeenat. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí àwọn agégi fi ń la igi ló ń tún ṣe. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, àlòkù tó ti sú òyìnbó, tí wọ́n wá rọ́ sínú kọ̀ǹtéénà bí ẹni ń da pàǹtí nù.

Á tú mẹ́ta palẹ̀ lórí tábìlì, á mú písítìnnì lára ọ̀kan, á mú kábúrétọ̀ lára èkejì, á yọ irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí ká lára ẹ̀kẹta, á fi pẹtiróòlù wẹ̀ wọ́n, á sì so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan tó ń mí. Àwọn mìíràn náà mọ ìyẹn ṣe. Ibi tó ti yàtọ̀ sí wọn ni pé Bàbá Zeenat kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ jáde lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ àlòkù lára. Á ha ìpẹtà rẹ̀ dànù, á kùn ún ní ọ̀dà, á nù ún títí yóò fi máa dán. Táwà ìyàwó rẹ̀ a máa ní tí ọkọ òun bá kẹ́ òun tó ìdajì bó ṣe ń kẹ́ irin, òun ì bá ti sanra.

Òfin kan wà láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ayùn wọ̀nyí ní bíréèkì, irin pẹlẹbẹ kan tó máa ń fún ẹ̀rọ lọ́rùn kí ṣéènì lè dúró wáí bí ayùn bá ta kúrò nínú igi lójijì. Ike kan tó dábùú iwájú ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní asà, ló ń fa bíréèkì náà. Lára tòkunbọ̀, bíréèkì yìí sábà máa ń ti sán, á wá máa dá ẹ̀rọ dúró láàárín iṣẹ́, tuntun rẹ̀ kò sì sí lọ́jà. Gbogbo wọn ló ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ bíréèkì gbọ́dọ̀ yọ asà náà pẹ̀lú, kí ẹni tó ni ayùn lè fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí ohun tó lè dá ẹ̀rọ òun dúró mọ́. Kò sí agégi tí kò mọ ìtumọ̀ ayùn tí kò ní asà. Tẹ̀rùtẹ̀rù ni wọ́n fi ń dì í mú.

Lórí ayùn Japhet ni Bàbá Zeenat ti rú òfin yìí.

Japhet ń la igi fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ìlàjẹ, lẹ́bàá ọ̀sà ní Bàrígà. Nígbà tó gbé ayùn rẹ̀ wá, bíréèkì ti sán sí méjì. Bàbá Zeenat yọ ọ́. Ó gé páánù ìtẹ̀wé kan tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ jù sílẹ̀, ó fi dí ihò tó kù kí ìyẹ̀fun igi má bàa wọlé. Ó wá kan ọ̀rọ̀ asà. Ó yọ ọ́, ó gbé ẹ̀rọ náà sókè, ó wò ó. Lẹ́yìn gbogbo ọ̀dà àti ìnùdán yẹn, ńṣe ló dà bí arẹwà tí eyín iwájú rẹ̀ ká. Ojú rẹ̀ kò gbà á. Ó dá asà padà, ó fi sípíríǹgì tì í lẹ́yìn kó má bàa máa mì jọ̀wọ̀lọ̀, débi pé tí èèyàn bá tì í síwájú, á dún kọ̀ọ́, bí ẹni pé nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun á fẹnu sọ fún Japhet tó bá dé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Japhet wá gbé e. Bàbá Zeenat ti lọ kírun, Táwà ló gbé e fún un. Lọ́jọ́ kejì, Japhet kọjá nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó yọrí síta.

"Bàbá Zeenat, ìyàwó tuntun lẹ gbé fún mi o. Ohùn ẹ̀ dùn ju ti ìyá ilé lọ."

Àwọn atẹ̀wé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Zeenat náà rẹ́rìn-ín, ó juwọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ irú rẹ̀ lójú gbogbo ayé, lẹ́yìn irú oríyìn bẹ́ẹ̀? Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé, òun á rìn dé Ìlàjẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé náà ni ayùn ta kúrò nínú igi, tó sì gé Japhet lọ́rùn. Àbúrò rẹ̀, Adéjìmí, ló jókòó sórí igi náà lápá kejì kó má bàa yí. Wọn kò tíì gbé Japhet dé ojú títì tí ọ̀rọ̀ fi parí.

Ó burú pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti jà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ létí omi. Adéjìmí ti fi ìbínú sọ pé, "Màá rí ẹ̀yìn ẹ." Ogún ènìyàn ló gbọ́ ọ. Wọ́n wá ń sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ mi igi náà ni. Adéjìmí fúnra rẹ̀ kò sọ ju pé igi náà mì lábẹ́ òun, òun ò mọ bó ṣe mì.

Adébọ̀wálé, arákùnrin bàbá wọn, ni olórí ẹbí. Ó ní kí wọ́n má pe ọlọ́pàá, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti ọkùnrin méjì gbé ayùn náà dé Bajulaiye nínú àpò ìrẹsì. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ eyín ṣéènì.

Adébọ̀wálé kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní tí ẹ̀rọ bá ní àlébù, àwọn á gbà pé àkókò Japhet ló tó. Tí kò bá ní, a jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tún un ṣe. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa tẹ̀ lé."

Bàbá Zeenat gbé ayùn sórí tábìlì. Ó ti asà, ó dún kọ̀ọ́. Ó mú sípánà, ó tún gbé e kalẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta péré ló wà láàárín àwọn ọkùnrin yẹn àti páánù ìtẹ̀wé náà. Ó ro ọgbọ̀n ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́. Ó ro àwọn atúnṣe tó kù, tí wọ́n ti ń pè é ní aṣefínní látẹ̀yìnwá. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì ké, ó pa á.

"Ẹ̀rọ yìí ò ní àìsàn kankan," ló wí.

Adébọ̀wálé dá ayùn náà padà sínú àpò ìrẹsì. "Ó ti yé wa," ó dáhùn, wọ́n sì gbé àpò wọn.

Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ni Táwà ti gbọ́ ìyókù. Wọn kò jẹ́ kí Adéjìmí fọwọ́ kan erùpẹ̀ ibojì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní kó kúrò ní ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tí Táwà fi ròyìn yìí tán, oúnjẹ ọkọ rẹ̀ ti tutù níwájú rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án. Bàbá Zeenat wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bíréèkì, asà, sípíríǹgì. Táwà kó àwo nílẹ̀.

"Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e fún un," obìnrin náà sọ. "Ẹ ò jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń gbé."

Ó di ọjọ́ Jímọ̀ kí Bàbá Zeenat tó dé Ìlàjẹ. Àwọn ẹbí jókòó sábẹ́ àtíbàbà ọ̀fọ̀. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, arúgbó bíi tirẹ̀, ó sì jẹ́wọ́. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Adébọ̀wálé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì le.

"Adéjìmí ló rí yín pé kẹ́ ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀, àbí?"

Bàbá Zeenat ní rárá. Ó ní kí wọ́n gbé ayùn náà wá, kí òun tú u lójú wọn. Wọ́n ní kò sí ayùn mọ́. Lọ́jọ́ tó sọ pé kò ní àìsàn náà ni wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé e lọ sáàárín ọ̀sà, wọ́n jù ú sí ibi tó jìn, nítorí irin tó mu ẹ̀jẹ̀ olówó rẹ̀ kì í sùn nílé. Ó ní òun á fi Kùránì búra. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín láìfi eyín rẹ̀ hàn, ó bi í bóyá Kùránì ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àbí ti òní. Wọn kò lù ú, wọn kò bú u. Wọ́n kàn padà sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, ní èdè ilé wọn, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Ìyá Japhet àti Adéjìmí, Sabina, ló tẹ̀ lé e dé ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan péré bóyá òótọ́ ni. Bàbá Zeenat ní òótọ́ ni.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n wá bá yín, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà," màmá náà sọ. "Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ sọ pé ẹ̀rọ ni. Mo ti mọ̀ pé n ò ní Japhet mọ́. Èyí tó kù ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Màmá náà yíjú sí omi.

"Ẹ̀yin ò tiẹ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. Kó tó di pé ẹ sọ̀rọ̀, Adéjìmí ń jiyàn. Ó ń sọ pé òun ò mì í. Ìgbà tí wọ́n dé látọ̀dọ̀ yín, ó dákẹ́. Ó ní, 'Màámi, bóyá mo mì í lóòótọ́. Bóyá inú mi ló fẹ́ ẹ.' Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló lọ. Ẹ pè é kẹ́ ẹ sọ fún un. Tèmi kò wọlé."

Ó ka nọ́ńbà Adéjìmí fún un láti orí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì padà sábẹ́ àtíbàbà.

Bàbá Zeenat pè é níbẹ̀, létí omi. Kò wọlé. Ó ń pè é láàárọ̀, ó ń pè é lẹ́yìn ìrun. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹnìkan gbé e, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin ni. Ó ní òun ń gba iná sí fóònù fún àwọn ènìyàn létí omi ní Igbókòdá, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọkùnrin kan fi eléyìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ń wọ ọkọ̀ lọ sápá òkun, òun ń padà bọ̀ wá gbà á. Kò tíì padà. Ọkọ̀ náà ti dé o, òun ti bi wọ́n; wọ́n ní àwọn kò mọ ìgbà tí ọkùnrin náà ò sí nínú ọkọ̀ mọ́.

"Ṣé ẹbí ẹ̀ ni yín, sà?"

Bàbá Zeenat jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa bíréèkì, pé ó sán, pé òun yọ ọ́, pé igi kò mì, pé tó bá tiẹ̀ mì, ṣéènì ì bá ti dúró. Obìnrin náà ń dáhùn pé ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n, títí ó fi ní kí bàbá má bínú, àwọn oníbàárà ti pọ̀ níwájú òun. Ó ní òun á bá wọn tọ́jú fóònù náà.