Ọ̀rọ̀ Kan Tó Kù Lẹ́nu Bàbá Aláago

Nígbà tí àìsàn mú apá ọ̀tún bàbá mi, ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ, ó wá ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ Bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ìyá wa tó ti kú, àdúrà òwúrọ̀, èébú tó máa ń bú àwọn oníbàárà tó bá fi aago wẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan ló dúró.

Yàrá méjì la ní. Iwájú ni ṣọ́ọ̀bù: tábìlì iṣẹ́, àga kan, awò kékeré tí Bàbá máa ń há sójú, àti dúrọ́ọ̀ tó ń kó àwọn agolo rẹ̀ sí. Ẹ̀yìn là ń sùn, kọ́tìnì ló pín in. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀, mo máa wẹ̀ ẹ́, mo máa fún un lóúnjẹ, mo máa gbé e jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ kí n tó lọ síbi tí a ti ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún ilé ìwòsàn. Bàbá Káfíńtà, àbúrò rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ fara ti tiwa, ló máa ń yọjú sí i títí n ó fi dé.

Bọ̀ọ̀dá mi, àkọ́bí Bàbá, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé lókè téńté ilé alájà mẹ́rin kan. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń wá kí wa. Sátidé tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kí Bàbá, Bàbá sì fi ọwọ́ òsì gbá a lọ́wọ́ mú, ó fà á mọ́ra, ó gbé etí lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

“Wọ́ọ̀ṣì,” ó ní. “Wọ́ọ̀ṣì!”

“Ó fẹ́ wẹ̀ ni,” Bàbá Káfíńtà wí láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ bá a pọn omi.”

“Mo ti wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀.”

“Bóyá kò mọ́.”

A rẹ́rìn-ín, àfi Bọ̀ọ̀dá. “Aago góòlù rẹ̀ ló ń sọ,” ó ní. “Èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó gbòmìnira lẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́ gbé e lé mi lọ́wọ́. Èmi ni dáwódù. Lọ mú un wá.”

Mo rántí aago náà dáadáa. Ọdún tí ìjì ká páànù ṣọ́ọ̀bù, tí a fi ọ̀rá bo orí bẹ́ẹ̀dì, Bàbá kò tà á. Ọdún tí ìyá wa dùbúlẹ̀, tí èmi àti Bọ̀ọ̀dá ń pín bàtà kan wọ̀, tó jẹ́ pé bí òun bá ti ilé ìwé àárọ̀ dé ni èmi yóò tó wọ̀ ọ́ lọ sí ti ọ̀sán, Bàbá kò tà á. Ó wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú aṣọ àrán pupa. Mo wọlé, mo fa agolo náà yọ. Aṣọ àrán wà níbẹ̀, wọ́n ká a dáadáa. Kò sí ohun kankan nínú rẹ̀.

Mo gbé aṣọ òfìfo náà jáde. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ la ẹnu. Nítorí pé ó bá mi nílé ọkọ rẹ̀, kì í pe orúkọ mi, kì í sì í fi “ìwọ” bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn máa ń gún mi ju èébú lọ.

“Adúmáadán, ẹ má bínú o. Yàtọ̀ sí ẹ̀yin, ta ló tún ń wọ yàrá yẹn?”

“Ìyàwó wa, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ.”

“Èmi? Mi ò sọ nǹkan kan o. Ìbéèrè ni mo bèèrè.”

Bàbá Káfíńtà gbìyànjú láti pa iná náà. Ó ní òun mọ ọ̀rọ̀ yẹn, pé ẹni tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní wọ́ọ̀ṣìmáànù, nítorí náà ohun tí Bàbá ń sọ ni pé kí a máa ṣọ́ ilé. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ní rárá, bí ọ̀gá òun bá ti sọ ọ́ níbi iṣẹ́, “ṣọ́ra” ló túmọ̀ sí. Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́.

“Ó dáa,” Bọ̀ọ̀dá wí. “Sátidé tó ń bọ̀ ni mo fún ọ. Bí aago yẹn ò bá jáde, Bàbá ń bá wa lọ sílé. Mi ò lè fi í sọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́.”

Mo mọ ohun tí ilé yẹn yóò ṣe fún Bàbá. Àtẹ̀gùn lọ́tùn-ún, àtẹ̀gùn lósì. Bó bá ti gòkè, ó di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kò ní rí tábìlì rẹ̀, kò ní gbọ́ ariwo ayùn Bàbá Káfíńtà. Ìdí tábìlì yẹn nìkan ni ojú rẹ̀ ti ń wálẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, mo bi tíṣà wa ní iléèwé alẹ́ tí mo ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí gan-an. Ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rọ̀ kan lo bèèrè ni, àbí agbo ilé?” Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Aago ọwọ́ ni. Kí èèyàn máa wo eré bọ́ọ̀lù ni. Kí á mójú tó ọmọ ni. Kí á máa ṣọ́ ẹni tí a fura sí ni. Ìkìlọ̀ ni. Ó ní láyé àtijọ́, wọ́n ń lò ó fún àìsùn tí a ń ṣe nídìí aláìsàn, àti pé àwọn atukọ̀ òkun ń fi í pe àsìkò tí ẹnì kan fi ń ṣọ́nà kí àwọn yòókù lè sùn.

“Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?” obìnrin tó ń ta ẹja, tó máa ń jókòó lẹ́yìn mi, pariwo. “Bíi tọkọ mi gẹ́lẹ́! Orúkọ kan, ilé mẹ́ta!”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kó ìtumọ̀ wọ̀nyẹn lọ sílé bí ẹni tó he ìdì kọ́kọ́rọ́ tí kò mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí. Èyí tí mo bá mú nínú wọn, ojú ẹnì kan náà ló ń gbé wá. Bó bá jẹ́ pé kí á ṣọ́ ilé ni, lọ́wọ́ ta ni? Bó bá jẹ́ ìkìlọ̀ ni, nítorí ta ni? Mo bi Bàbá Káfíńtà bóyá ẹnikẹ́ni máa ń wá nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́.

“Kò sẹ́ni kankan. Àfi ìyàwó bọ̀ọ̀dá rẹ. Ó gbé èso wá lọ́jọ́ kan.”

“Èso wo? Mi ò rí èso.”

“Bó o ṣe máa rí i? Mo ti jẹ ẹ́.”

Ìfura loògùn àgbà, wọ́n ní. Ṣùgbọ́n èmi lò ó kọjá ìwọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro báàgì ọwọ́ tuntun tí ìyàwó Bọ̀ọ̀dá gbé wá, mo rò ó bí kò ṣe gbé e sílẹ̀ rárá ní gbogbo ìgbà tí a fi ń sọ̀rọ̀. Mo gba òwú ìránṣọ funfun, mo so ó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìdí agolo bisikíìtì, mo so òmíràn mọ́ dúrọ́ọ̀ tábìlì, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, òwú agolo wà bí mo ṣe so ó. Ti dúrọ́ọ̀ ti já.

“Ta ló wá?”

“Ìyàwó yín yọjú,” Bàbá Káfíńtà dáhùn. “Kò tilẹ̀ jókòó.”

Ọkàn mi balẹ̀ lọ́nà burúkú. Mo tún òmíràn so, dúdú lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo ṣe bí ẹni tó jáde, mo gba ẹ̀yìn wọlé padà, mo sì dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. N kò dúró pẹ́. Èékánná òsì Bàbá ló já òwú náà. Ó fa dúrọ́ọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbé agolo òkú aago jáde.

Gbogbo aláago ló ní òkú aago. Aago tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, tí olówó rẹ̀ pa tì, ni wọ́n ń tú ẹ̀yà ara rẹ̀ láti fi wo èyí tó ń ṣàìsàn sàn. Bàbá dà wọ́n sórí tábìlì, ó ń fi ìka tú wọn, ó yọ ọ̀kan tó ti dúdú bí idẹ àtijọ́. Ìta rẹ̀ nìkan ló kù. Ó pa ọwọ́ dé lé e lórí. Mo jáde sí i.

“Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?”

“Wọ́ọ̀ṣì,” ó ní, kò sì ṣí ọwọ́.

Báyìí ni olè òwú mi ṣe di bàbá mi. Síbẹ̀, n kò mú ojú kúrò lára báàgì yẹn. Ìfura kì í kú lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n dé pẹ̀lú àpò ńlá kan. Bọ̀ọ̀dá kò jókòó.

“O rí i?”

“Mi ò rí i.”

“Di ẹrù Bàbá.”

Mo wọlé, mo ń kó aṣọ Bàbá sínú àpò, omi ń dà lójú mi sórí wọn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ariwo àga, mo sáré jáde. Bàbá ti tún gbá Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́ mú. Ó fi òkú aago náà lé e lọ́wọ́.

“Kí nìyí? Idẹ?”

“Wọ́n ti fi idẹ pààrọ̀ góòlù,” ìyàwó rẹ̀ wí.

Bàbá Káfíńtà gba aago náà, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. “Ẹ dúró. Ẹ wo kọ̀rọ̀ ibi tí okùn ń gbà wọlé.” A wò ó. Níbẹ̀, bíńtín, ó ṣì ń dán. “Òun ni. Omi góòlù ni wọ́n fi bò ó, ọ̀gá wọn ò lówó gidi. Ó ti fi ara gbo àwọn òkú yòókù nínú agolo, ìyẹn ló fi bó.”

“Inú ẹ̀ dà?” Bọ̀ọ̀dá bèèrè. Èmi ló ń wò. “Ìkarahun lẹ kó fún mi. Ta ló jẹ ìgbín ibẹ̀?”

Bàbá ń fi ìka gbá aago ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá. Ó tún gbé etí lé e, ó mi orí bíi dókítà tí ikọ́ aláìsàn kò dùn mọ́ nínú.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ bọ́ ọ fún un,” mo ní.

“Kí ló fẹ́ fi ṣe? Kò sí nǹkan tó ṣe aago mi.”

“Kò sí kẹ̀?” ìyàwó rẹ̀ wí. “Aago tó ti ń fà sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí. Ṣebí lánàá ni wọ́n sọ̀rọ̀ sí yín lọ́fíìsì pé ẹ pẹ́ dé.”

Bọ̀ọ̀dá wò ó bí ẹni tí ará ilé rẹ̀ dà. Ó bọ́ aago náà. Èmi bá Bàbá dì í mú, òun fi ọwọ́ òsì ti ẹnu ọ̀bẹ kékeré bọ ìdí rẹ̀. Ọ̀bẹ yọ̀. Ó tún un tì. Ìdérí ṣí. Nínú ìdérí náà, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ha àmì kan, ó dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ.

Mo mọ irú àmì yẹn. Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo máa ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, Bàbá sọ fún mi pé ẹni tó bá yọ ẹ̀yà ara òkú fún alààyè gbọ́dọ̀ ha àmì kan náà sínú àwọn méjèèjì, kí ẹni tó bá tún un ṣe lọ́la lè mọ ẹran ara ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mo ṣí ẹ̀yìn òkú aago náà. Ẹsẹ̀ ẹyẹ wà níbẹ̀.

Bàbá Káfíńtà jókòó sílẹ̀. “Àárọ̀ tó o fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́,” ó sọ fún Bọ̀ọ̀dá. “O sáré wẹ̀, o fi aago wẹ̀, aago kú. O jókòó síbí yìí, ò ń sunkún pé wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́ kó má wulẹ̀ wọlé, pé o ò ní mọ àkókò. Bàbá rẹ ní kó o lọ jẹun.”

Èmi náà rántí. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tí Bàbá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara rẹ̀. A ń gbọ́ ìró fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin; àṣé kẹ̀kẹ́ eléyín inú aago góòlù rẹ̀ ló ń rẹ́ kó lè bá ilé onílé mu. Kí Bọ̀ọ̀dá tó fọ abọ́ tán, aago rẹ̀ ti jí.

Bọ̀ọ̀dá gbé aago méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò wọ́n. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?” ó bi Bàbá. Bàbá ti há awò rẹ̀ sójú, ó na ọwọ́, ó ń dúró kí wọ́n dá aago tó ń ṣàìsàn padà kó lè tọ́jú rẹ̀.

Kò bẹ̀ mí. Bọ̀ọ̀dá mi kì í bẹ̀bẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó kó àwọn aṣọ Bàbá jáde kúrò nínú àpò, ó ń ká wọn padà sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ aṣọ ká. N kò sọ fún un.

Èmi ni ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ohun tó bá tọ́ka sí, mo mú un. Ibi tó bá fẹ́ kí n dì, mo dì í. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè. “Wọ́ọ̀ṣì,” ó ní. Mo wo ètè rẹ̀ tó ti gbẹ, mo bu omi fún un. Ó mu ún tán.

A rò pé ó ti parí. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ló mú òkú aago náà, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀.

“Adúmáadán, ẹ má bínú o. Àmì méjì ló wà nínú èyí.”

Lóòótọ́ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ, ìlà méjì wà tó dábùú ara wọn. Gbogbo wọn wo ọrùn ọwọ́ mi. Òfìfo ni, n kò ní aago rí láyé mi. Mo wò yíká láti wá ọwọ́ ẹlòmíràn.

Bàbá Káfíńtà ti ki ọwọ́ òsì, èyí tó máa ń wọ aago sí, bọ àpò ṣòkòtò.

“Ẹ jẹ́ n tètè lọ,” ó ní, “mo gbé gùlú tí mo fi ń lẹ igi kaná.”

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò gbé gùlú kaná lọ́jọ́ Sátidé rí.