Ewé ní Ẹnu Gbogbo Ọ̀nà

Múyìwá, fi táyà yẹn sílẹ̀ ná, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ọ.

Inú igbó tí a fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ wọ̀ láàárọ̀ yìí náà ni mo wà, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ simẹ́ńtì pupa bíi ti pálọ̀ ìyá mi. Kẹ̀kẹ́ mi kò ní pẹ́dà, síbẹ̀ ó ń gun òkè. Kò tilẹ̀ yà mí lẹ́nu. Mo dé oríta kan. Ẹnì kan ti já ewé tútù sí ẹnu ọ̀nà ọ̀tún, bí àwọn tó ṣáájú ṣe máa ń dí ọ̀nà tí wọn kò gbà kí ẹni ẹ̀yìn má baà ṣìnà. Mo yà sósì, ewé wà níbẹ̀ náà. Mo wẹ̀yìn, ewé ti dí ọ̀nà tí mo gbà wá.

Inú bí mi. Mo gbé kẹ̀kẹ́ rù, ó fúyẹ́ bí igbá, mo sì gba àárín igbó níbi tí kò sí ọ̀nà rárá. Nígbà tí mo tún wẹ̀yìn, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti là lẹ́yìn mi. Ibẹ̀ ni mo ti jí, ẹsẹ̀ mi ṣì ń rìn lórí bẹ́ẹ̀dì.

N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ní kí n jókòó sílé, pé ọ̀nà ti kọ̀ mí. Mo ní, “Màámi, ọ̀nà tó wà ló kọ̀ mí. Èyí tí màá là kò tíì sọ nǹkan kan.”

Ó yá, pọ́ǹpù táyà yẹn kó le dáadáa. Èmi ni n ó ṣáájú. Bí o bá rí ewé lójú ọ̀nà, èmi ni mo já a.