Bàbá Ìyàwó Há Sínú Pápá Eré Mọ́tò

Ẹni tó bá rí Ládòkun lọ́sàn-án ọjọ́ Sánńdè yẹn á rò pé ijó ló ń jó. Ọwọ́ kan gbé fóònù sókè, ìka ọwọ́ kejì di etí, ẹsẹ̀ ń ti orí ebè kan bọ́ sórí òmíràn. Ijó kọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkùnrin náà há ni. Níbo ló há sí? Nínú oko ara ẹ̀!

Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀. Téèyàn bá ti kúrò ní Ṣakí, tó forí lé ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ilẹ̀ kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ilẹ̀ baba Ládòkun ni. Àwọn eléré mọ́tò rí i, wọ́n ní ibí gan-an làwọn ń wá. Wọ́n gbé katakata dé, wọ́n da ọ̀dà dúdú sí ọ̀nà kan tó yípo títí, tó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwa la ń bẹ̀bẹ̀ látọjọ́ yìí pé kí wọ́n bá wa da ọ̀dà sí ọ̀nà Ìgbẹ́tì, àwọn lọ da ọ̀dà sí ọ̀nà tí kì í dé ibì kankan.

Ládòkun yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wọn, àmọ́ ó ní òun ò ní fi àárín ẹ̀ sílẹ̀, òun á máa gbin iṣu síbẹ̀. Bí oko iṣu ṣe wà láàárín ọ̀nà eré nìyẹn, bíi pupa inú ẹyin. Géètì kan ṣoṣo ló wà. Téèyàn bá ti jáde níbẹ̀, á sọdá ọ̀dà, ó di ìta.

Kàdírì, àbúrò Ládòkun, ni ò fọwọ́ sí i. Ó ní ilẹ̀ ẹ̀pà ni baba àwọn fi sílẹ̀, mọ́tò kì í hu. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ládòkun débi pé láti bí ọdún méjì, kò pe orúkọ Kàdírì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ògiri kan náà nilé àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì o! Tó bá di dandan kó mẹ́nu bà á, á ní, "ẹni ẹ̀yìn ògiri yẹn."

Ọjọ́ Sánńdè tí mò ń wí yìí ni wọ́n fẹ́ so yìgì Sodiqat, àkọ́bí Ládòkun, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ọmọ Ìgbòho ni Ọlásúnkànmí ọkọ ẹ̀. Òkè òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ kejì ló sì ń padà. Tí wọn ò bá so yìgì lọ́jọ́ náà, ó di ọdún míì, tí ọ̀gá ẹ̀ bá tún fún un láyè nìyẹn.

Láàárọ̀, Ládòkun gbé ọkọ́ àti agbọ̀n. Ìyàwó ẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bàbá Sodiqat, iṣu tó wà nílé ti tó o."

"Iṣu wo? Ará Ìgbòho mà lò ń retí! Tí wọ́n bá fẹnu kan iyán lásán, wọ́n á sọ ẹni tó kọ ebè ẹ̀ fún ẹ. Èyí tó dáa jù ṣì wà nínú ilẹ̀. Mò ń lọ wà á."

"Ṣé ẹ ò ní pẹ́?"

"Kí ni n óò máa pẹ́ ṣe?"

Ìdí tó fi fọkàn balẹ̀ ni pé ó ti wo eré ọjọ́ Sátidé. Mọ́tò á sáré díẹ̀, wọ́n á dúró, àwọn awakọ̀ á bọ́ akoto, wọ́n á mu omi tútù, géètì á ṣí, kálukú á kọjá. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Sánńdè máa rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé lọ́dún yìí, ti Sánńdè ni eré ńlá, eré tí kò mọ ìsinmi, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, ó dìgbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀.

Ó wá ń ṣa iṣu bí ẹni ń ṣa ìyàwó. Èyí wọ́, èyí lọ́gbẹ́, èyí ò ga tó. Ibi tó ti ń bá iṣu kan wí lọ́wọ́ ló ti gbọ́: Vùùùùù! Mọ́tò kan kọjá, ó sún mọ́lẹ̀ bí alángbá tó fàyà lélẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn.

Ládòkun gbé agbọ̀n rù, ó di géètì. Cornelius, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ti fi ẹ̀wọ̀n irin dè é. Àsíá pupa wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Cornelius, ṣí i fún mi."

"Ẹ kú iṣẹ́ oko, Bàbá. Kò ṣeé ṣí."

"Ta ni ò jẹ́ kó ṣeé ṣí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi bàbá ẹ?"

"Lọ́dún tó kọjá tí mọ́tò pa òbúkọ yín, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ dìde níwájú gbogbo wa? Ẹ ní bí mọ́tò bá ti ń sáré, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọdá. Ẹ ní bó jẹ́ ọba. Ẹ tún fọwọ́ sọ àyà, ẹ ní, 'Bó jẹ́ èmi Ládòkun!'"

"Ìbínú ni mo fi sọ ọ́!"

"Wọ́n ti wá fi ṣòfin, sà. Ẹ ní kí wọ́n lé ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn. Mo níyàwó nílé, Bàbá."

Ládòkun wo ọ̀dà. Kò fẹ̀. Ọmọdé lè sọdá ẹ̀. Ó sọ agbọ̀n, ó rìn gba ẹ̀bá wáyà tí wọ́n fi sọgbà oko, ó ń wá ibi tó máa fò. Ó gbórí sókè wo iwájú, àfi fìrì! Mọ́tò pupa kan kọjá, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ṣí fìlà lórí ẹ̀, ó gbé e sójú ọ̀dà. Mọ́tò tó tẹ̀ lé e gun fìlà náà. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn gùn ún. Ládòkun fọwọ́ pa orí ara ẹ̀, ó rọra padà sẹ́yìn.

Ó rí áńbúláǹsì níbi tí wọ́n gbé e sí nínú oko. Ọgbọ́n dé! Ó lọ, ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ síwájú Kíkẹ́, nọ́ọ̀sì tó jókòó níbẹ̀.

"Àyà mi o! Ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn!"

Kíkẹ́ so nǹkan mọ́ ọn lápá, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín dáa ju tèmi lọ. Ilé ìwòsàn wo lẹ ń lọ?"

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi."

"Ẹ dìde, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara yín nù."

Bó ṣe ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ ni fóònù dún. Ìyàwó ẹ̀ ni.

"Bàbá Sodiqat! Wọ́n ti kírun Alásárì tán o! Àwọn ará Ìgbòho ti jókòó. Níbo lẹ wà?"

"Lóko."

"Ẹ ń ṣe kí ni lóko?"

"Mo há."

"Ẹ há? Kí ló há yín?"

Vùùùùù! Mọ́tò ló bá a dáhùn. Ìyàwó ẹ̀ ké yéè, ó sáré gbé fóònù lọ fún Áfà tó fẹ́ so yìgì.

"Bàbá Sodiqat," Áfà ní, "àwọn àlejò fẹ́ padà délùú wọn kílẹ̀ tó ṣú, ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹ̀yin lẹ máa fi ọmọ fọ́kọ. Tí ẹ ò bá lè dé, ẹ fẹnu ara yín yan aṣojú, kí n gbọ́, kí ẹlẹ́rìí gbọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Áfà?"

"Èmi ni mo máa so ó. Àbúrò yín mà jókòó síbí, kí la fẹ́ wá ará ìta fún?"

Ládòkun wo ọ̀tún, ọ̀nà mọ́tò. Ó wo òsì, ọ̀nà mọ́tò. Ó wẹ̀yìn, ọ̀nà kan náà ló tún yípo débẹ̀. Oòrùn ń lọ. Ó rántí ọmọ ẹ̀ tó ti wọṣọ, tó jókòó sínú yàrá, tó ń tẹ́tí sílẹ̀ bóyá òun máa gbóhùn bàbá òun níta.

"Mo yan... àbúrò mi."

"Ẹ dárúkọ."

"Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n."

"A kì í fi 'ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n' so yìgì, Bàbá Sodiqat!"

Ládòkun fọwọ́ bo ẹnu fóònù bí ẹni fẹ́ jalè. Ó rọra sọ ọ́. "Kàdírì."

Vùùùùù!

"Ẹ ní ta?"

"Kàdírì."

Vùùùùù!

"A ò gbọ́ o! Mọ́tò ló ń dáhùn!"

"Kàdírì ni mo wí!"

Mọ́tò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Áfà ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn pa á tì, kó di ọdún tó ń bọ̀. Ìgbà tí Ládòkun gbọ́ ìyẹn, ó gun ebè tó ga jù, ó la ẹnu, ó yọ gbogbo ohùn tó ti ń fi pamọ́ láti bí ọdún méjì:

"KÀDÍRÌ! Kàdírì ọmọ ìyá mi! Òun ni mo fi ṣe aṣojú! Òun ni kó fi ọmọ mi fọ́kọ!"

Ẹ wò ó, ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo mọ́tò wà ní òdìkejì pápá, tí gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn mẹkáníìkì yíjú. Kíkẹ́ yọrí látinú áńbúláǹsì. Ohùn kan wá jáde nínú fóònù, kì í ṣe ti Áfà.

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Èmi ni mo gbé fóònù sétí Áfà, etí tèmi náà sì wà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ látìgbà àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún Áfà?"

"Mo fẹ́ tún un gbọ́ ni."

Ẹ̀rín bú nílé. Ládòkun fẹ́ bínú, ìbínú ò wá.

"Aláìlójútì ni ẹ́, Kàdírì."

"Ẹ tún pè é o!"

Lẹ́yìn náà, ohùn Kàdírì yí padà, ó rọlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, màá ṣe é bí ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ máa gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́."

Ládòkun ki fóònù bọ etí. Ó gbọ́ tí Áfà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbọ́ orúkọ Sodiqat. Ó gbọ́ tí Kàdírì ní, "Èmi Kàdírì, lórúkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo fi..."

Vùùùùù! Vùùùùù! Vùùùùù!

Gbogbo wọn ló dé pọ̀. Ìgbà tí ariwo lọ, ohun tó kù nínú fóònù ni èèyàn púpọ̀ tó ń pariwo "Alihamudulilaahi." Ládòkun yíjú sí Cornelius.

"Ṣé wọ́n ti so ó?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ kú oríire o."

"Ṣílẹ̀kùn fún mi, jàre."

"Kò tíì ṣeé ṣí, sà."

Ládòkun jókòó sórí ebè, fóònù létí, ó ń ṣe "Àmín" sí àdúrà tí kò gbọ́.