Àwòrán Kíndìnrín Pẹ́lẹ́bẹ́

Ìyá Aránṣọ jókòó síwájú yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara, ó ń ká etí ìborùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ létí. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń lu gbàgàgbàgà nínú yàrá, àti ohùn ayàwòrán tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo pé, "Fa èémí sínú. Dá a dúró. Ó yá, mí." Bí wọ́n bá ti ní kí ọmọ dá èémí dúró, ìyá náà á dá tirẹ̀ dúró. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?

Pẹ́lẹ́bẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà láti kékeré, torí pé kò lẹ́ran lára. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ní lúpọ́ọ̀sì ló ń ṣe é, àìsàn tó máa ń mú kí àwọn ọmọ ogun inú ara dojú ìjà kọ onílé. Ìjà náà ti dé kíndìnrín. Nígbà yẹn, abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n fi bu ẹran kíndìnrín wò, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Pẹ́lẹ́bẹ́ fi tọ ẹ̀jẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ní ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ wò ó, láìgún un rárá. Ó yẹ kí inú ìyá dùn. Àmọ́ ohun tó lè rí inú láìla inú, kí ni kò ní rí?

Ìyá Aránṣọ ti dá ohun kan ṣe. Oògùn ló mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Pẹ́lẹ́bẹ́ wú, àwọn oníbàárà sì ń béèrè bóyá oyún ni. Lójú aránṣọ, ohun tó bá fẹ̀ jù, dídín ni. Òun ló ń bu oògùn fún ọmọ láràárọ̀. Ọmọ tó kórìíra oògùn á dijú, á gbé e mì láìkà á. Hóró mẹ́fà ni dókítà kọ. Láti oṣù mẹ́rin, mẹ́ta ni ìyá ń fún un.

Nígbà tó yá, dókítà gbé àwòrán náà sójú kọ̀ǹpútà. "Mà, ẹ wò ó. Kíndìnrín ṣì wú. Kò jọ pé àpá ti pọ̀ níbẹ̀, ó ṣì ṣeé tún ṣe. Àmọ́ oògùn yìí ò ràn án. Ṣé ó ń lò ó déédéé?"

"Kì í fo ọjọ́ kan, Dókítà." Òótọ́ ni, irọ́ sì ni.

"A máa lo èyí tó le ju ìyẹn lọ nìyẹn. Mi ò ní tàn yín, ó lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́."

Pẹ́lẹ́bẹ́ tẹrí ba. "Tó bá jẹ́ ìyẹn ló kù, mo gbà, Dókítà."

Dókítà mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn tuntun náà síwèé. Ìyá Aránṣọ ń wo bírò náà. Bó bá dákẹ́, iyì rẹ̀ kò ní bàjẹ́ lójú ọmọ. Bó bá dákẹ́, ọmọ lè má bímọ láé.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mẹ́ta ni mò ń fún un, kì í ṣe mẹ́fà. Ojú rẹ̀ ló ń wú... èmi ni mo dín in kù."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá." Ó fa ìwé náà ya. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò tíì lè sọ pé oògùn kọ̀. Ẹ padà sí mẹ́fà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a ó tún ya á wò."

Ìyá ń retí kí Pẹ́lẹ́bẹ́ bú sẹ́kún, tàbí kó fìbínú dìde. Kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó yíjú sí i, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé mo burú lójú yín tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyá Aránṣọ fa ìgò oògùn yọ nínú àpò rẹ̀, ó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, kó máa kà á fúnra rẹ̀.