Ibo Ni Wọ́n Ti Bí Bàbá Yín?

Ìbéèrè kẹtàlá nínú fọ́ọ̀mù náà ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Títí dé ìkejìlá, àwọn ará Ìsọlọ̀ á máa dá Adébímpé lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́: iye ọmọ, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, iye ọdún tí wọ́n ti ń gbé àdúgbò. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan "Ibo ni wọ́n ti bí bàbá yín?", ojú á yí padà. "Kí lẹ fẹ́ fi ibi tí wọ́n bí bàbá mi sí ṣe?" Ọkùnrin kan ní Máfolúkù tilẹ̀ da garawa omi ìfọṣọ sí i lẹ́sẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé ọgbọ́n àtigba owó orí ni.

Ọdún 1976 ni, nígbà tí owó epo ń ya wọ Èkó bí omíyalé. Wọ́n ń la títì ńlá gba Òṣòdì kọjá lọ sí Àpápá, eruku pupa rẹ̀ kò sì jẹ́ kí aṣọ funfun mọ́ lára ẹnikẹ́ni. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú, ìjọba ti ṣòfin pé àwọn òwò kéékèèké kan, bíi búrẹ́dì ṣíṣe àti bulọ́ọ̀kù mímọ, kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ àjèjì mọ́, ọmọ Nàìjíríà nìkan ni kó máa ṣe é. Ilé ìwádìí kan ní Ìbàdàn fẹ́ mọ ẹni tí òfin náà ṣe láǹfààní, wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tí aráàlú fúnra wọn kà sí ọmọ ilẹ̀ yìí. Dókítà Ògúnjìmí ni wọ́n rán wá. Ó gba yàrá méjì nítòsí ojú irin ní Òṣòdì, ó fi ṣe ọ́fíìsì, ó sì gba èèyàn mẹ́fà tí yóò máa ya ilé kiri béèrè ọ̀rọ̀.

Adébímpé ni àgbà nínú wọn. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́sàn-án. Ohun tó mú un fi iléèwé sílẹ̀ ni pé ó gbọ́ pé bí ìwádìí bá parí, Dókítà yóò mú ẹnì kan lọ sí Ìbàdàn láti bá wọn ka àwọn fọ́ọ̀mù, wọn yóò sì rán ẹni náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ló ti ń fi gbàdúrà láti ọjọ́ tó ti gbé ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Ìsíátù ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà sì ni ìyá àti bàbá rẹ̀ ti ń ṣe búrẹ́dì. Bí ọwọ́ bá rọlẹ̀, àwọn méjèèjì á pààrọ̀ fọ́ọ̀mù, kí oníkálukú lè yẹ ti ẹnìkejì wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlara ti rí Adébímpé mú. Ti òun mọ́ tónítóní, ọwọ́ tíṣà, gbogbo lẹ́tà tò gún régé, ṣùgbọ́n "kò mọ̀" àti "kò dáhùn" ló kún inú rẹ̀. Ti Ìsíátù rí wúruwùru, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kún un dẹ́nu, àfi kó tún yí i sẹ́yìn kó máa kọ ọ́ lọ.

"Báwo lo ṣe ń ṣe é?" ó bi í lọ́jọ́ kan, ó ṣe bí ẹni ń ṣeré.

"Àǹtí, n kì í tètè yọ bírò. Mo máa ń kọ́kọ́ sọ ti bàbá tèmi fún wọn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ tèmi, wọ́n á sọ tiwọn."

Adébímpé gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tó jẹ́ kátíkíìsì fún obìnrin kan tó ń yí àgbá kiri ta omi. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn títí ó fi parí, ó ní, "Ó dáa. Ẹ bá mi kí wọn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Jímọ̀ọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí gbogbo wọn pé jọ ní ọ́fíìsì, Dókítà mú fọ́ọ̀mù kan sókè. "Ẹ fetí sí ohun tí obìnrin yìí wí," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: "Ìjọba ní kí àjèjì gbé òwò sílẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ yìí. Ó dára. Ọ̀gá kan ra iléeṣẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó nísàlẹ̀ yẹn. Ṣé èmi àti ọ̀gá náà jọ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí? Ará Tápà tó ń bá mi yí àgbá lójoojúmọ́ ni mo mọ̀. Ọ̀gá yẹn kò mọ̀ pé wọ́n bí mi."

Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Bí mo bá kọ ìwé ọgọ́rùn-ún ojú ewé," ó ní, "n kò lè sọ ọ́ tó báyìí. Ìsíátù, o káre."

Obìnrin alágbàá omi náà ni! Ẹni tó sọ fún Adébímpé pé "Ẹ bá mi kí wọn" ni, Ìsíátù ti tún padà lọ bá a. Àyà Adébímpé gbóná bí ẹni gbé ẹ̀kọ gbígbóná mì. Ó pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù, ó tilẹ̀ fọwọ́ gbá Ìsíátù lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ohun tí ọmọ náà ń ṣe ló ń bí i nínú: ẹ̀rín rẹ̀, bó ṣe ń kúnlẹ̀ fún gbogbo àgbà, búrẹ́dì gbígbóná tó máa ń mú wá fún un láràárọ̀ tó ń ní, "Àǹtí, ẹ fi panu."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì ń ti Èjìgbò bọ̀. Oòrùn mú, wọ́n dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan. Ìsíátù déédéé rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ wò ó, bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù yìí dé ilé wa, Bàbá mi ò ní dáhùn ìkẹtàlá."

"Kí ló dé?"

"Kétu ni wọ́n bí i sí, ní apá Dàhọ̀mì. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti dé Ìsọlọ̀, Yorùbá náà ló ń sọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òfin búrẹ́dì yìí ti jáde ni kì í ti í jókòó síwájú ìta mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún."

"Àárín àwa méjèèjì ni," Adébímpé dá a lóhùn. Nígbà tó sọ ọ́, òótọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Dókítà sọ ọ́ ní gbangba pé Ìsíátù ni òun yóò mú lọ sí Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Adébímpé ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó mú ìwé. Ó da àwọn lẹ́tà ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sápá òsì kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Dókítà, ìwádìí ọmọ ilẹ̀ yìí lẹ ń ṣe, àjèjì lẹ sì fi ń ṣe é. Ará Dàhọ̀mì ni bàbá Ìsíátù. Ó ń ṣe búrẹ́dì lòdì sí òfin ìjọba." Kò kọ orúkọ sí i. Ó rìn dé Òṣòdì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jù ú sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́. Bó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó wù ú kó tún fà á jáde, ṣùgbọ́n ihò àpótí náà kò gba ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, Ìsíátù ṣì ń wá síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mú búrẹ́dì dání mọ́, kò sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá mọ́. Dókítà sọ fún wọn pé ó ní òun kò lè lọ sí Ìbàdàn mọ́, iṣẹ́ ilé ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Adébímpé dúró de ìgbà tí yóò pe òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò pe ẹnì kankan. Ni Adébímpé bá wọ ìró tó dára jù, ó lọ bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Nípa ti Ìbàdàn yẹn, mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí èmi ni àgbà..."

Dókítà ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú lẹ́tà náà jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù kan tí Adébímpé kọ.

"Tíṣà, ẹ gbìyànjú láti dà á dùbúlẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni mo ti ń ka ọwọ́ yín."

"Ẹ jókòó. Ẹ ti ka òfin tí ẹ fi ń bá ọmọlọ́mọ jà?"

"Rárá, sà."

"Ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ yìí kí a tó gba òmìnira, bí wọ́n bá bí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ síbí, tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan, ọmọ Nàìjíríà ni láti ọjọ́ òmìnira. Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí ìyá Ìsíátù sí. Ìyá náà ló ni békìrì, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé. Kò sí ẹni tó rú òfin kankan. Oṣù mẹ́rin lẹ fi ń bi aráyé pé ta ni ọmọ ilẹ̀ yìí, ẹ ò sì bi òfin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Kí ló dé tí kò wá lọ sí Ìbàdàn?"

"Ẹ lọ bi í."

Békìrì náà wà lẹ́yìn ilé alámọ̀ kan nítòsí ọjà Ìsọlọ̀. Adébímpé bá Ìsíátù níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun, apá rẹ̀ funfun dé ìgúnpá, ìyá rẹ̀ ń koná sí ààrò. Bàbá kò sí níbẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí," Ìsíátù ní. Kò kúnlẹ̀.

"Ìsíátù, mo wá... Lẹ́tà kan..."

"Mo mọ̀. Dókítà fi lẹ́tà yẹn hàn mí, ó ní kí n mú ìwé Ìyá mi wá. Bí mo ti ṣí i ni mo mọ ọwọ́ yín, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnì kan nílé. Àbí ta ni mo ń yẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ wò láti oṣù kẹta?"

"Bàbá ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn, kò wẹ̀yìn. "Ó ti lọ sí Kétu. A ka òfin fún un, a kà á títí, kò gbà. Kùmásí ni àbúrò rẹ̀ wà lọ́dún tí wọ́n lé gbogbo èèyàn wa kúrò ní Gánà. Ó ní níbẹ̀ náà, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó wá kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun kò ní jókòó kí wọ́n fi òun ba ti ọmọ òun jẹ́. Ó ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, òun ò sì mọ ẹni tí kòkòrò náà jẹ́." Ó wá yíjú sí i. "Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ni a ṣe ọ́?"

Adébímpé kúnlẹ̀ sórí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀. "Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, mà. Ohun tí Ọlọ́run fún ọmọ yín ló ń dùn mí."

Igi ń ta pàrà nínú ààrò. Ìyá Ìsíátù padà sídìí iná rẹ̀.

"Ẹ dìde, Àǹtí," Ìsíátù ní nígbẹ̀yìn. "Ìkúnlẹ̀ ò lè mú Bàbá wá. Ẹ kọ lẹ́tà mìíràn. Ẹ kọ orúkọ yín sí i, ẹ kọ àdírẹ́sì yín. Ẹ kọ ọ́ pé ìjọba kọ́ ló ń wá a, pé ẹnì kan ṣoṣo ni, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Mo máa gbé e lọ fúnra mi, mo máa kà á sí i létí."

Orí àpò ìyẹ̀fun ló ti kọ ọ́, níṣojú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí kò da lẹ́tà dùbúlẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ló dúró níbi gbólóhùn "mo jowú ọmọ yín", kó tó lè kọ ọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn Mùsùlùmí gba ààwẹ̀ nígbà tí Bàbá Ìsíátù padà dé. Àwọn ará àdúgbò sọ pé ó gbé àga síwájú ìta, ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Adébímpé kò lè lọ kí i. Ìyá Ìsíátù ti sọ fún un lọ́jọ́ yẹn, bó ti ń jáde lọ, pé òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má wọ ilé òun mọ́. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó dunni jù.

Dókítà ṣì fi àyè náà sílẹ̀ de Ìsíátù, ọmọ náà sì lọ sí Ìbàdàn. Ní oṣù kẹsàn-án, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, wọ́n ń wá tíṣà bí ẹni wá omi nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Adébímpé padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Èjìgbò, ó ń kọ́ ọmọ ọgọ́rin nínú yàrá kan tí wọn kò tíì kan òrùlé rẹ̀ tán.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó pàdé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí ní ibùdókọ̀ Òṣòdì. "Tíṣà, ẹ ti gbọ́? Ìsíátù yege ìdánwò. Ó ti wọ yunifásítì!"

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," Adébímpé ní, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó rò pé ìtìjú ti pa ìlara náà nínú òun, ṣùgbọ́n ó tún gbọ́ ọ láyà rẹ̀, ó ń jó o díẹ̀díẹ̀ bí ata tó kù sábẹ́ èékánná. Kò purọ́ fún ara rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ méjèèjì mọ́ àpò rẹ̀, ó ní lọ́kàn, "Ó tún dé nìyí," ó sì ń wo ojú ọ̀nà títí ọkọ̀ fi gbé e dé Èjìgbò, níbi tí àwọn ọmọ ti tò sójú pápá tí wọ́n ń dúró dè é.